Ẹ Fi Orúkọ Ẹni Mẹ́ta Ránṣẹ́

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Dókítà, ọmọ mi àtàtà,

O kú iṣẹ́ o. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Òtútù ibí ti ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún mi sì ti ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè ni pé lórí fóònù, "Kò séwu, Màmá" ni gbogbo ìdáhùn rẹ, owó ìpè á sì ti tán kí n tó bi ọ́ ní ìbéèrè kejì. Lẹ́tà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi "kò séwu" kún ojú ewé kan, ọwọ́ á ro ó.

Ìyá oníbúrẹ́dì tó wà ní òdìkejì títì wa pè mí lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní òun fẹ́ gba yàrá méjèèjì iwájú ilé, òun fẹ́ gbé ààrò tuntun síbẹ̀. Mo ní, "Ṣé o ò mọ̀ pé ilé ìwòsàn ojú ọmọ mi ló wà níbẹ̀ ni?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ o. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, nọ́ọ̀sì rẹ̀ nìkan ni mò ń rí lórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sùn sórí ẹ̀." Mo ní òtútù ti mú etí mi, mo sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn ojú níbí. Ilẹ̀ yẹn ló rán ọ lọ sílé ìwé dókítà. Òun ló kọ́ yàrá méjì yẹn, òun náà ló ra ẹ̀rọ tí aláìsàn ń gbé àgbọ̀n lé kí o tó wo inú ojú rẹ̀. Àdéhùn èmi pẹ̀lú rẹ ni pé ọjọ́ tí ilé ìwòsàn rẹ bá ti lè bọ́ ara rẹ̀, èmi á di ẹrù mi, màá máa bọ̀ nílé. Ó ti tó ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí o ti ṣílẹ̀kùn. Sọ òótọ́ fún mi: ènìyàn mélòó ló ń wá lọ́sẹ̀? Oníbúrẹ́dì ní bí òun kò bá gbọ́ nǹkan gidi lẹ́nu mi kí oṣù kẹjọ tó parí, òun á wá ibòmíràn. Bí mo bá sì fún un, wàá lọ wáṣẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba níbi tó jìnnà, èmi á sì tún kí garawa mi kú àárọ̀.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àfaradà o, ẹ kú òtútù. Ẹ ṣeun tí ẹ ń ronú mi. Mò ń jẹun.

Ẹ ní kí n sọ òótọ́. Mẹ́rin ni. Lọ́sẹ̀ mìíràn, méjì. Nínú àwọn méjì tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì.

Mi ò mọ ohun tí mo ṣe tí kò tọ́. Mo gbé pátákó sókè, mo kun ilé, mo sì mọ iṣẹ́ mi. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n á ní, "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n á sì lọ ra oògùn akánlójú lọ́wọ́ ìyá olóògùn ìkóríta. Ṣé kí n wá máa gbàdúrà pé kí ojú máa dun àwọn ará àdúgbò ni? Dókítà kò lè dúró sí ẹnu ọ̀nà kó máa lu agogo bíi ẹni tó ń ta aṣọ àlòkù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún oníbúrẹ́dì lésì. Nọ́ọ̀sì kò sùn, ó kàn gbé orí lé ògiri ni.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta

Ọkọ mi,

O kú ìrọ́jú. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo ka ibi búrẹ́dì yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún, mo bá ṣe méjèèjì.

Gbọ́ ohun tí mo rí. Obìnrin kan wà nídìí tábìlì àbáwọlé níbi iṣẹ́ wa. Kò-sí-àyè ni àwa tó ń fọ ilẹ̀ ń pè é, torí pé ohun tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pè nìyẹn: "Kò sí àyè lọ́sẹ̀ yìí, kò sí àyè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Bí mo ṣe ń nu abẹ́ tábìlì rẹ̀, mo rí ìdì ìwé. Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní ìwé ìròyìn ilé ìwòsàn ni, oṣooṣù ni wọ́n ń kọ ọ́ ránṣẹ́, pé òun ló ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa fi ènìyàn ránṣẹ́ wá. Fóònù dún, ó gbé e, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo gbọ́ tó mi.

Ìwọ náà, kọ tìrẹ. Kọ ọ̀rọ̀ ojú sí i, kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ní láárí. Kọ orúkọ oníkálùkù sára àpòòwé. Ènìyàn kì í ju ìwé tó bá rí orúkọ ara rẹ̀ lára ẹ̀ nù. Ní ìsàlẹ̀, ní kí wọ́n fi ènìyàn ránṣẹ́ sí ọ. Má ṣe sọ pé "ẹnikẹ́ni" o. Ẹni tí a bá ní kó mú ẹnikẹ́ni wá kì í mú ẹnì kankan wá. Ní kí wọ́n fi orúkọ ẹni mẹ́ta ránṣẹ́. Ẹni mẹ́ta ṣeé kà.

Kọ ọ́ sí ojú ìwé méjèèjì. Má sì lẹ sítáǹbù mọ́ ti ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà. Kí nọ́ọ̀sì gbé e lọ fún wọn, ṣebí oorun ló ń sùn.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Mo ṣe é! Ogóje ìwé ni mo kọ. "Ọ̀nà Méje Tí Ojú Ń Gbà Fọ́" ni mo pè é, mo sì tò wọ́n láti orí èyí tó burú dórí èyí tó burú jù. Mo fi òǹtẹ̀ ilé ìwòsàn lu gbogbo rẹ̀ lórí. Nọ́ọ̀sì pín in títí bàtà rẹ̀ fi já.

Màmá, orúkọ ń wọlé! Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló ti dé. Àwọn kan tilẹ̀ kọ ju mẹ́ta lọ. Ọkùnrin kan kọ mọ́kànlá, ó fi nọ́ńbà yàrá tí oníkálùkù ń gbé sí i.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi: nínú àwọn mẹ́tàdínlọ́gọ́ta yìí, ẹnì kankan kò tíì wá. Mo rò pé wọ́n ń múra ni.

Ọmọ yín, dókítà.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún

Ọmọ ayọ̀ mi,

Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta! Mo jó nínú yàrá ìkó-garawa-sí títí omi fi dànù, èmi náà ni mo tún nù ún.

Mo ti pe oníbúrẹ́dì. Mo ní kó gbé ààrò rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú? Bẹ́ǹṣì yẹn ṣì wà bó ṣe wà o." Mo ní, "Àwọn ènìyàn ń múra ni."

Mo sì ti sọ fún ọ̀gá wa pé ìparí oṣù kẹsàn-án ni màá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíràn rọ́pò mi. Obìnrin tí a jọ ń gbélé ti gba ẹ̀wù òtútù mi tó nípọn, kò sì jọ ẹni tó máa dá a padà.

Kọ̀wé kíákíá, kí o sọ iye tó ti wá fún mi.

Ìyá rẹ tó ń bọ̀.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ kú ojúmọ́. Bí ẹ kò bá tíì bá oníbúrẹ́dì sọ nǹkan, ẹ má wulẹ̀ bá a sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kó wá gba yàrá.

Baba kan wà ládùúgbò tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó rí òǹtẹ̀ dókítà lórí ìwé, tó sì rí orúkọ ara rẹ̀ lára àpòòwé, ó gbà pé èsì àyẹ̀wò ni. Ó ka ọ̀nà méjèèje, ó ní kò sí èyí tí òun kò ní níbẹ̀. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, ó pín àwọn ìwé tó fi ń kọ́ni, ó pín kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ọmọbìnrin rẹ̀ tó ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀kùn mi. "Ìgbà wo lo yẹ ojú mi wò? Mo ní ìgbà wo? Ta ló rán ọ níṣẹ́ sí mi?" Mo ní, "Baba, ìròyìn lásán ni." Ó ní, "Ìròyìn! Ìròyìn ikú ni wọ́n ń fi orúkọ ènìyàn kọ. Lọ bá mi gba kẹ̀kẹ́ mi lọ́wọ́ àbíkẹ́yìn mi!"

Ìyẹn ṣì kéré. Àwọn orúkọ tí wọ́n fi ránṣẹ́, Màmá, orúkọ àwọn ọ̀tá wọn ni. Wọ́n ka ọ̀nà méje tí ojú ń gbà fọ́, wọ́n wá rí i nísàlẹ̀ pé kí wọ́n fi orúkọ ẹni mẹ́ta ránṣẹ́. Wọ́n rò pé èmi ni màá bá wọn fọ́ ojú àwọn yẹn. Télọ̀ kan kọ orúkọ télọ̀ kejì, ti ìyàwó rẹ̀, àti ti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan kọ orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọkùnrin tó kọ mọ́kànlá yẹn, àwọn ayálégbé rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ìyá olóògùn ìkóríta kọ ẹyọ orúkọ kan péré. Tèmi ni.

Ẹ̀yin lẹ ní ẹni mẹ́ta, Màmá. Ojú ń tì mí láti jáde síta.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹfà

Dókítà,

Mo kí ọ.

Lẹ́tà rẹ àti tèmi pàdé lójú ọ̀nà, wọn ò sì kí ara wọn. Ìgbà tí tìrẹ dé, mo ti lé oníbúrẹ́dì, iṣẹ́ mi ti di ti ẹlòmíràn, ẹ̀wù mi sì ti wà lọ́rùn obìnrin tí a jọ ń gbélé. Orí mi dàrú. Lọ́jọ́ yẹn, mo fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

O ní èmi ni mo ní ẹni mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà á. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí o kọ ọ̀nà méje tí ojú ń gbà fọ́? Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn nìyẹn? Ẹni tí kò tíì wọlé rẹ rí, ìfọ́jú ni o fi pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà!

Mo gbé ìtìjú tà, mo padà lọ bá Kò-sí-àyè lásìkò oúnjẹ, mo gbé tíì lọ fún un. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ ń kọ ìwé ìròyìn yìí sí gan-an?"

Ó ní, "Kì í ṣe aláìsàn o."

"Kì í ṣe aláìsàn kẹ̀? Ilé ìwòsàn wo ni kì í wá aláìsàn?"

Ó ní, "Màdáàmù, bí ojú bá ń dun ènìyàn, ta ló kọ́kọ́ ń sọ fún?"

Mo ní ẹni tó bá wà nítòsí ni. Olóògùn. Tíṣà ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe jígí ojú.

Ó ní, "Ẹ rí i? Àwọn yẹn là ń kọ ọ́ sí. Kò ju ogójì lọ. Ohun kan ṣoṣo la ń kọ lóṣù, ohun tó máa ran àwọn gan-an lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́ wọn. A ò ní kí wọ́n fún wa lórúkọ ẹnikẹ́ni. Wọn á máa rántí wa ni, nígbà tí ẹnì kan bá dúró níwájú wọn tó ń nu ojú."

Mo ní, "Ìyẹn nìkan?"

Ó mu tíì díẹ̀. Ó ní, "Rárá. Bí ẹnì kan bá fi ènìyàn ránṣẹ́ sí wa, kí ọ̀sẹ̀ tó parí, dókítà á kọ̀wé sí i: ẹ ṣeun, ẹni yín dé, ohun tí mo rí rèé, ohun tí mo ṣe rèé. Bí ẹni yẹn bá gbà kí a sọ ọ́ ni o. Dókítà tí kò bá ṣe ìyẹn, kó jókòó ti ìwé ìròyìn rẹ̀."

Ọmọ mi, mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Mo wá bi ara mi pé: ìyá olóògùn yẹn, kí lo ṣe fún un? Ènìyàn kì í ṣàdédé kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Lọ bá a. Má ṣe rán nọ́ọ̀sì. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ, kí o dọ̀bálẹ̀, pé o jẹ́ dókítà ò ní kí àyà rẹ má kan ilẹ̀.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù keje

Dókítà,

Ṣé àlàáfíà ni? Ọ̀sẹ̀ keje rèé. Mo pè, nọ́ọ̀sì ló gbé e, ó ní "Wọ́n wà o, Mà, wọ́n ń bọ̀," ó sì pa á. Ṣé o bínú ni? Àbí o ti lọ síbi iṣẹ́ ìjọba láìsọ fún mi? Bí o bá ti pa ilé ìwòsàn dé, wí. Oṣù méjì ó lé díẹ̀ ló kù fún mi níbí, lẹ́yìn rẹ̀ mi ò ní iṣẹ́ níhìn-ín, mi ò sì mọ ohun tí mò ń bọ̀ wá bá lọ́hùn-ún. Mi ò tíì wà ní agbede méjì báyìí rí láyé mi.

Kọ ìlà kan péré. Kódà, kọ "kò séwu".

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹjọ

Màmá mi ọ̀wọ́n, ìyá tí kò ṣeé rọ́pò,

Ẹ dárí jì mí. Ní àkọ́kọ́, inú ló ń bí mi. Lẹ́yìn náà, ojú ló ń tì mí. Lẹ́yìn náà, mi ò ráyè.

Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá olóògùn, mo dọ̀bálẹ̀ láàárín páálí oògùn. Kò ní kí n dìde. Ó ní, "Ṣé o rántí màmá arúgbó tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ lọ́dún tó kọjá, èyí tó ní awọ funfun lójú?" Mo ní mo rántí, mo ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó ti ń ríran. Ó ní, "Ó ti ń ríran! Ẹnu rẹ ni mo ti ń gbọ́ ọ lónìí! Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló lọ gbé lẹ́yìn ìyẹn. Ojoojúmọ́ làwọn ará ilé rẹ̀ ń wá bi mí pé, 'Dókítà tí ẹ júwe fún wa, kí ló ti ṣe fún un?' Èmi á máa wo òkè bí aláìmọ̀kan. O sọ mí di òpònú nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi. Láti ọjọ́ náà, bí ojú ènìyàn tilẹ̀ fẹ́ já bọ́, oògùn ni màá tà fún un." Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Dìde, aṣọ funfun rẹ ti gba eruku."

Mo kọ ìwé ìròyìn mìíràn. Méjìlá péré. Mo kọ sí àwọn ọ̀gá ilé ìwé pé ọmọ tó ń ṣi ohun tó wà lójú pátákó kọ lè má jẹ́ olódo, ó lè jẹ́ pé kò rí i ni. Mo kọ sí ìyá olóògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nípa ojú pípọ́n tí oògùn akánlójú lè wò, àti èyí tí kò lè wò. Mi ò béèrè orúkọ. Ọmọ mẹ́rin wá láti ilé ìwé kan, mo kọ èsì padà lọ́jọ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́sàn-án. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Kódà baba kẹ̀kẹ́ wá, ó ní òun kàn fẹ́ mọ èyí tí òun kò ní nínú méjèèje. Nọ́ọ̀sì kò rí bẹ́ǹṣì jókòó lé mọ́.

Màmá, nǹkan kan ló kù. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ya àwòrán ẹ̀yìn ojú. Bí mo bá ní in, gbogbo ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ni yóò máa fi ènìyàn ránṣẹ́ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ ọ̀gá yín kó dá iṣẹ́ yín padà fún yín. Ọdún méjì péré sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó wá sinmi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án

Dókítà,

Mo kí ọ, mo kí nọ́ọ̀sì, mo kí ìyá olóògùn tó mọ̀ ọ́ tọ́ ju mi lọ.

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò yé mi lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí bẹ́ǹṣì ṣófo, mo ní láti dúró síbí. Bẹ́ǹṣì ti wá kún, mo tún ní láti dúró síbí. Báwo ni bẹ́ǹṣì yẹn ṣe máa wà kí n tó lè wálé? Mo jókòó, mo gbìyànjú láti bínú sí ọ, inú mi sì tún ń dùn nítorí mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Méjèèjì ò gba ara wọn láyè nínú mi.

Mo tilẹ̀ fẹ́ lọ bẹ ọ̀gá. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Dókítà àgbà ló wá pè mí, ó ní kí n wọlé kí òun yẹ ojú mi wò, nítorí wọ́n máa ń ṣe é fún òṣìṣẹ́ tó bá ń lọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń nu ẹ̀rọ wọn, irú èyí tí mo rà fún ọ, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbé àgbọ̀n lé e. Ó tutù.

Ó pẹ́ lójú òsì. Ó ní omi inú rẹ̀ ń ti ẹ̀yìn ojú ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní kò tíì ba nǹkan kan jẹ́ o, má jáyà. Ṣùgbọ́n èmi á máa kán oògùn sí i lójoojúmọ́ láìfo ọjọ́ kan, ẹnì kan á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta títí ayé mi. Ó wá bi mí pé, "Níbi tí ẹ ń lọ, ǹjẹ́ ẹ mọ dókítà ojú tí mo lè kọ̀wé sí?"

Mo ní mo mọ ọ̀kan. Ó ní, "Ṣé ó mọ iṣẹ́?" Mo ní, "Wọ́n ní ó mọ̀ ọ́n. Mi ò tíì débẹ̀ rí."

Ìwé tó kọ sí ọ wà nínú àpòòwé kékeré tó wà nínú lẹ́tà yìí. Mi ò ṣí i, dókítà ló kọ ọ́ sí dókítà. Ní ti ẹ̀rọ rẹ, jẹ́ kí àwọn mọ́kànlélọ́gbọ̀n bá ọ rà á díẹ̀díẹ̀. Èmi ti ra tèmi.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ni ọkọ̀ mi á dé. Ní ọjọ́ kẹta, màá wá. Bí o bá rí mi lórí bẹ́ǹṣì, má ṣe pè mí ní Màmá níwájú àwọn ènìyàn, má sì pè mí kó tó kàn mí. Pè mí bí o ṣe ń pe àwọn yòókù. Mo fẹ́ rí bí o ṣe ń ṣe é.

Ìyá rẹ.